Ohun Tó Ń Ró Kẹ́ Nínú Orin Màmá Ògúnjìmí

Eyín mẹ́rìnlá ló wà lẹ́nu mi tí kì í ṣe Ọlọ́run ló fi wọ́n síbẹ̀. Abọ́sẹ̀dé ni, ìyàwó Olúwaníyì ọmọ mi. Iṣẹ́ tó ń ṣe nìyẹn. Ní ilé iṣẹ́ kan ní Braamfontein, ní Joburg níbí, àwọn dókítà eyín a máa fi bátánì ẹnu àwọn aláìléyín ránṣẹ́ sí i, òun á mọ eyín tuntun, á rẹ́ ẹ, á fá a, á dán an, títí ẹni tó ni ín yóò fi gbàgbé pé òun kọ́ ló hù ú. Mo ti sọ fún àwọn ará ilé ní Iléṣà pé ó ti ṣe eyín fún ọba mẹ́ta àti kìnnìún kan. Kìnnìún yẹn, èmi ni mo fi kún un. Àwọn ọba náà, ẹ jẹ́ ká dín wọn kù sí ọ̀kan, kí ẹni yẹn náà jẹ́ ìjòyè.

Ọwọ́ rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀. Ọwọ́ tí kì í kánjú ni. Bó ṣe ń gé ilá nìyẹn, bó ṣe ń di irun ọmọ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ṣe ń ṣe iṣẹ́ kejì tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ìyẹn iṣẹ́ gbígba orin sílẹ̀.

Ọdún 2013 ni mo ti wà lọ́dọ̀ wọn ní Troyeville, lẹ́yìn tí ìyá Níyì sùn nínú Olúwa. Ọmọ mi, ẹnjiníà ni, ní ibi ìwakùsà kan lápá Rustenburg. Ọ̀sẹ̀ méjì méjì ló ń wálé. Èmi, Abọ́sẹ̀dé àti Tìmílẹ́yìn, ọmọ-ọmọ mi obìnrin, ló sábà máa ń wà nílé. Èmi á bá ọmọ náà sọ Yorùbá, òun á fi Gẹ̀ẹ́sì dá mi lóhùn, a ò sì tíì ṣi ara wa gbọ́ rí.

Ilé wa ní yàrá ẹ̀yìn kan, irú èyí tí àwọn onílé ní Joburg máa ń kọ́ sẹ́yìnkùlé láti fi gba ayálégbé. Abọ́sẹ̀dé kò gba ayálégbé kankan. Ó kó fóòmù ìbùsùn ògbólógbòó jọ, ó fi bo ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó gbé ńlá kan dúró ní igun kan, ó so gbohùngbohùn kan rọ̀ láàárín yàrá, ó gbé kíbọ́ọ̀dù olórin kan kalẹ̀, ó sì gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ sórí tábìlì. Ní Sátidé, àwọn akọrin ìjọ wa, ìjọ Aládùúrà tó ń péjọ ní gbọ̀ngàn kan ní Bertrams, á wá kọrin síbẹ̀, òun á sì gbà á sílẹ̀ fún wọn. Láti ibẹ̀, àwọn ìjọ mìíràn gbọ́, àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Kò sí ẹni tó ń wá tí kì í sọ pé òun ò mọ̀ pé ohùn òun dára tó bẹ́ẹ̀.

Ó gbà mí ní ọdún mẹ́ta kó tó yé mi bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ, nítorí náà ẹ fara balẹ̀ fún mi. Kíbọ́ọ̀dù yẹn kò ní ohùn kankan nínú ara rẹ̀. Bí ọwọ́ bá tẹ̀ ẹ́, ohun tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà kò ju pé wọ́n tẹ ibí yìí, wọ́n tẹ ibẹ̀ yẹn. Ohun tó ń fún un lóhùn ni ètò kékeré kan tó ń gbé nínú kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ń pè ní plọ́gíìnì. Ẹ fún un ní plọ́gíìnì fèrè, fèrè ni ìka yín ń fọn. Ẹ fún un ní ti dùùrù, dùùrù ló ń dún. Ẹ yọ plọ́gíìnì kúrò, ìrántí ìka nìkan ló kù níbẹ̀, kò sí ohùn.

Abọ́sẹ̀dé ní ọ̀kan tó fẹ́ràn ju gbogbo wọn lọ. Ọkùnrin kan ní Finland ló ṣe é fún Windows láyé ọjọ́un, tó sì fi ta gbogbo ayé lọ́rẹ. Dùùrù ẹlẹ́sẹ̀ ni, irú èyí tí àwọn míṣọ́nnárì gbé wá, tí ènìyàn ń fi ẹsẹ̀ fẹ́ atẹ́gùn sí. Ẹ ó gbọ́ bó ṣe ń mí. Ọkùnrin náà ti dá iṣẹ́ ọ̀hún dúró, ojú òpó rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì sì ti pòórá, ṣùgbọ́n Abọ́sẹ̀dé tọ́jú ẹ̀dà kan sínú fúláàṣì kékeré tó so mọ́ kọ́kọ́rọ́ ilé.

Ó wá ku Màmá Ògúnjìmí. Màmá ni orí akọrin obìnrin nínú ìjọ wa, ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin. Mo ti rí i rí tí Màmá gbé orin lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, tí róbọ́ọ̀tì ojú títì, ìyẹn iná tó ń darí ọkọ̀, yí sí pupa kí àwọn takisí lè dúró gbọ́. Ó lè jẹ́ pé ó ti fẹ́ yí tẹ́lẹ̀.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2018, dókítà ní kí Màmá wá ṣe iṣẹ́ abẹ gẹ̀gẹ̀ tó wà lọ́rùn rẹ̀, ó sì kìlọ̀ fún un pé ohùn rẹ̀ lè má padà bọ̀ sípò. Kó tó lọ, ó wá sí yàrá ẹ̀yìn wa. Ó ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan ní Ìbòkun, tí ojú rẹ̀ ti fọ́ láti nǹkan bí ọdún mẹ́wàá. Nígbà tí àwọn méjèèjì wà lọ́mọdé, orin ìyìn kan wà tí ìyá wọn kọ́ wọn, tí wọ́n máa ń jọ kọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ irú dùùrù ẹlẹ́sẹ̀ yẹn gan-an nínú ṣọ́ọ̀ṣì ìlú wọn. Ó ní òun fẹ́ gbé orin náà lọ fún ẹ̀gbọ́n òun lọ́jọ́ tí òun bá ń padà sílé. Abọ́sẹ̀dé tẹ dùùrù, Màmá kọrin, ó sì gbà á sílẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Ó lé gbogbo wa kúrò nínú yàrá lọ́jọ́ náà, nítorí gbohùngbohùn ọ̀hún a máa gbọ́ ohun tí eṣinṣin ń rò. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Iṣẹ́ abẹ yọrí sí rere. Màmá yè, ara rẹ̀ le. Ṣùgbọ́n ohùn tó bá a bọ̀ láti ilé ìwòsàn dà bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ ẹní lórí yanrìn. Báyìí ni orin oṣù kẹwàá yẹn ṣe di èyí tó gbẹ̀yìn nínú ohùn àtijọ́. Inú láptọ́ọ̀pù Abọ́sẹ̀dé nìkan ló wà. Ó ń dúró kó tún un ṣe tán pátápátá kó tó ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Màmá sì ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹta ọdún 2019 ló máa wọ bàálù, kò sì ní padà wá mọ́.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí àgbà ṣe.

Lọ́jọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹta, ìjọ wa máa ń bùkún irinṣẹ́. Dókítà á gbé ohun tó fi ń gbọ́ àyà wá, onídìrí á gbé kóòmù, awakọ̀ á gbé kọ́kọ́rọ́, olùkọ́ á gbé bírò. Wọn á tò wọ́n síwájú pẹpẹ, wọn á gbàdúrà, àgbà kan á sì fi ewé tútù wọ́n omi ìyàsímímọ́ sí wọn lórí. Èmi ni wọ́n gbé ike omi lé lọ́wọ́ lọ́dún yẹn. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo wọ́n ọn sí tàwọn ẹlòmíràn. Nígbà tí mo dé orí láptọ́ọ̀pù ìyàwó wa, ti ẹni ni ti ẹni, mo ki ewé bọ inú ike títí omi fi mu ọwọ́ aṣọ funfun mi. Láptọ́ọ̀pù náà wà ní pípadé. Mo ní kó ṣí i.

“Bàbá, omi ni o,” Abọ́sẹ̀dé sọ, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

“Ìbùkún kì í gba ẹ̀yìn ilẹ̀kùn wọlé,” mo dá a lóhùn, níṣojú gbogbo ìjọ.

Kí ni ọmọ tí a kọ́ fẹ́ sọ sí bàbá ọkọ rẹ̀ níwájú pẹpẹ? Ó kúnlẹ̀, ó ṣí i. Mo bùkún un. Ojú láptọ́ọ̀pù náà ṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni tí oorun ń kùn, ó sì kú.

Abọ́sẹ̀dé kò bá mi jà. Bó bá jà, ìbá sàn fún mi. Ó kàn ní kò sí nǹkan kan, ó gbé e délé, ó dojú rẹ̀ bolẹ̀ sórí aṣọ ìnura, ó sì lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Èmi tí mo kù nílé wá rántí pé wọ́n ní ìrẹsì gbígbẹ ló ń fa omi kúrò lára fóònù tó bá já sómi. Mo yẹ ilé ìdáná wò. Ìrẹsì tó kù kò kún ife. Ṣùgbọ́n gàrí Ìjẹ̀bú wà níbẹ̀, odidi ike ńlá kan, tí ẹnìkan gbé wá láti Èkó nínú báàgì. Mo rò ó wò. Gàrí gbẹ ju ìrẹsì lọ. Gàrí kúná ju ìrẹsì lọ. Yóò dé ibi tí ìrẹsì ò lè dé. Inú mi dùn sí ọgbọ́n orí mi. Mo ri láptọ́ọ̀pù náà mọ́ inú gàrí títí kò fi sí ohun tó yọ síta mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ gàrí, ẹ ti mọ ìyókù. Nígbà tí Abọ́sẹ̀dé dé ní ìrọ̀lẹ́ tó sì wú u jáde, a ti ro ẹ̀bà sínú láptọ́ọ̀pù. Ó ti le gan-an lábẹ́ àwọn bọ́tìnì. Ó jókòó sórí ilẹ̀ ilé ìdáná, ó rẹ́rìn-ín títí, nígbà tó yá mo rí i pé ẹ̀rín náà ti di ẹkún. Ìgbà yẹn ló tó sọ fún mi pé inú rẹ̀ ni orin Màmá wà.

Àbúrò rẹ̀ Dọ̀tun ló ránṣẹ́ pè. Olùkọ́ ni Dọ̀tun ní yunifásítì tó wà ní Auckland Park. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni, ikùn rẹ̀ sì ti jẹ́ ti ẹni àádọ́ta. Ó tú ìdí láptọ́ọ̀pù náà. Ó wò ó, ó ní “Éèṣì,” bí àwọn ará ibí ṣe máa ń ṣe, ó sì bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ léèrè bóyá ọbẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rí díìsìkì ìpamọ́ inú rẹ̀ fà yọ, gàrí kò dé ibẹ̀. Ó so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù tirẹ̀. Ohùn Màmá wà níbẹ̀, pé pérépéré. Ìrántí ìka Abọ́sẹ̀dé lórí dùùrù náà wà níbẹ̀. Mo ṣe Halelúyà. Wọn ò bá mi ṣe é.

Ohun tó fà á ni pé láptọ́ọ̀pù Dọ̀tun, Windows tuntun ló wà lórí rẹ̀, ètò ìgbohùnsílẹ̀ tuntun tó wà níbẹ̀ sì kọ plọ́gíìnì dùùrù náà pátápátá. Ó ní ó ti gbó jù. Wọ́n fi dùùrù mìíràn dípò rẹ̀, ó ń dún bí kẹ̀kẹ́ aláìsìkiriìmù tó ń kiri Bertrams. Ẹ̀gbọ́n Màmá kò ríran, etí nìkan ló kù fún un. Ta ló fẹ́ gbé ìyẹn lọ fún un?

Dọ̀tun ronú, ó wá ní kọ̀ǹpútà ńlá kan wà ní ẹ̀ka iṣẹ́ òun, tí wọ́n fẹ́ kó dànù, Linux ló wà lórí rẹ̀. Ó gbé e wá lọ́jọ́ kejì. Mo ní kó ṣàlàyé fún mi. Ó ní Linux kì í ṣe Windows, kò sì ní ọ̀gá kan. Àwọn ènìyàn káàkiri ayé ni wọ́n jọ ń kọ́ ọ, wọ́n sì ń fún ara wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ètò ìgbohùnsílẹ̀ tí Abọ́sẹ̀dé mọ̀ ní ẹ̀dà ti Linux. Plọ́gíìnì Windows kò lè dá dúró níbẹ̀, ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí wọ́n ń pè ní Wine, tó máa ń ṣe bí ẹni pé Windows ni òun. Bí plọ́gíìnì bá ń béèrè nǹkan, Wine á dá a lóhùn bí ará ilé rẹ̀, á sì yí ọ̀rọ̀ náà sí èdè Linux lẹ́yìn. Plọ́gíìnì ò ní mọ̀ pé òun ti kúrò nílé.

Ìyẹn yé mi. Èmi náà ní epo pupa, ìwé orin àti ọṣẹ dúdú ní Troyeville, àràárọ̀ ni mo sì ń jí tí mo ń rò pé Iléṣà ni mo wà, títí òtútù oṣù keje á fi sọ òótọ́ fún mi. Mo bi Dọ̀tun léèrè bóyá ó yẹ kí ilé Aládùúrà gba nǹkan tó ń jẹ́ orúkọ ọtí lálejò. Ó ní kí n jọ̀ọ́.

Kò rọrùn. Lóṣù yẹn, wọ́n ń mú iná lọ wákàtí méjì méjì, lóòdù-ṣẹ́dìn tí gbogbo Joburg ń bú. Iṣẹ́ tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀, iná á dá a dúró. Lọ́jọ́ kìíní, plọ́gíìnì kò ṣí. Lọ́jọ́ kejì, ó ṣí, ojú rẹ̀ sì dúdú bíi pátákó tí wọn ò tíì kọ nǹkan sí. Dọ̀tun ní Wine nìkan kò tó, wọ́n nílò afárá tí yóò so plọ́gíìnì pọ̀ mọ́ ètò ìgbohùnsílẹ̀. Ó wá ọ̀kan rí. Lọ́jọ́ kẹrin, dùùrù náà ń dún, ṣùgbọ́n ó ń ta bí àgbàdo nínú epo gbígbóná, ta-ta-ta, tó fi jẹ́ pé Tìmílẹ́yìn wọlé wá béèrè gúgúrú.

Dọ̀tun ṣàlàyé pé kọ̀ǹpútà ń bu ohùn ní ìwọ̀n ìwọ̀n, bí ẹni ń bu omi láti inú àmù. Ife tí wọ́n gbé fún un kéré jù, 128 ni. Kó tó gbé e dé ẹnu, ó ti gbọdọ̀ padà lọ bu òmíràn, ó tún ní iṣẹ́ ògbufọ̀ tó ń ṣe láàárín. Ó yí i sí 1024. Ife ńlá a máa pẹ́ kó tó kún, nítorí náà bí ènìyàn bá tẹ bọ́tìnì, ohùn á falẹ̀ díẹ̀ kó tó jáde. Ṣùgbọ́n Abọ́sẹ̀dé kò tún fẹ́ tẹ nǹkan kan. Ó ti tẹ̀ ẹ́ tán láti oṣù kẹwàá. Wọ́n tan dùùrù náà. Gúgúrú ti lọ. Ó mọ́ gaara, ó ń mí bí ẹran tó dùbúlẹ̀. Abọ́sẹ̀dé fi ọwọ́ bo ojú rẹ̀.

Wọ́n wá fi ohùn Màmá kún un, kí àwọn méjèèjì jọ lọ. Ẹsẹ kìíní fẹ́ parí, Màmá dákẹ́ díẹ̀ kó tó gbé èkejì, a sì gbọ́ ọ: kẹ́.

Wọ́n wo ara wọn. Ní àárín ẹsẹ kejì: kẹ́, kẹ́. Ní ìparí: kẹ́.

Dọ̀tun ní kò sí ìyọnu. Ó gbé ife sókè sí 2048. Kẹ́. Ó yí afárá padà. Kẹ́. Ó fún ètò náà láṣẹ kó máa lọ síwájú gbogbo iṣẹ́ yòókù nínú kọ̀ǹpútà. Kẹ́, kẹ́. Tí dùùrù bá ń dá dún, kò sí nǹkan tó ń ró. Tí ó bá wà pẹ̀lú ohùn Màmá, ó ń ró. Dọ̀tun wá dájọ́ pé kọ̀ǹpútà àgbà náà kò lágbára tó láti ru àwọn méjèèjì pọ̀. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni wọ́n fi ja ìjà yẹn.

Ẹ ó béèrè pé kí ló dé tí wọn ò dá ohùn Màmá nìkan gbọ́. Mo béèrè lọ́wọ́ Abọ́sẹ̀dé lẹ́yìn náà. Ó ní òun ò lè gbọ́ ọ láìsí dùùrù. Ó ní láti ìgbà tí Màmá ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹní tí wọ́n ń wọ́, bí òun bá fẹ́ tan ohùn àtijọ́ yẹn lásán, àyà òun máa ń já.

Èmi ní tèmi, mo ti mọ̀ láti kẹ́ àkọ́kọ́.

Ẹ rántí pé wọ́n lé wa kúrò nínú yàrá lọ́jọ́ ìgbohùnsílẹ̀. Àwọn yòókù lọ; èmi yọ́ padà. Mo mọ̀ pé ohùn yẹn lè má tún sí mọ́ láyé, mi ò sì fẹ́ gbọ́ ọ látẹnu ẹ̀rọ. Mo gba ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ wọlé, mo jókòó sórí àga kékeré kan lẹ́yìn fóòmù, mo sì fi súìtì mínti kan sẹ́nu kí n má baà wúkọ́. Eyín tuntun yìí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́nu mi nígbà náà. Ó ṣì ń mì díẹ̀ lókè. Ní gbogbo ibi tí Màmá bá ti dákẹ́ láti mí, tí inú mi bá dùn jù, mo máa ń yí súìtì náà padà, eyín á sì ró.

Kí ló dé tí mi ò sọ? Ẹ gbà mí níyànjú. Mo ti bomi pa láptọ́ọ̀pù. Mo ti ro ẹ̀bà sínú òkú rẹ̀. Bí mo bá tún jẹ́wọ́ ẹ̀kẹta, wọ́n á fi mí sínú bàálù kan náà pẹ̀lú Màmá. Mo jẹ́ kí Linux gba ìdálẹ́bi. Àlejò ni, kò sì mọ ẹnikẹ́ni ní Troyeville.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe dé ọjọ́bọ̀, ó ku ọjọ́ mẹ́ta. Abọ́sẹ̀dé ti ibi iṣẹ́ dé, ó wá jókòó tì mí ní ẹ̀yìnkùlé, kò tilẹ̀ tíì bọ́ bàtà. Ó ní òun fẹ́ lọ bẹ Màmá ní Sátidé.

“Ọwọ́ mi ló bà á jẹ́, Bàbá,” ó ní. “Ó yẹ kí n ti ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ ọ́. Màmá gbẹ́kẹ̀ lé mi.”

Kò dárúkọ omi. Kò dárúkọ gàrí. Mo la ẹnu láti sọ òótọ́, Ọlọ́run gbọ́, ṣùgbọ́n ìgbà yẹn gan-an ni Tìmílẹ́yìn sáré dé pé iná ti lọ, ọ̀rọ̀ sì bọ́ mọ́ mi lẹ́nu. Mi ò sùn dáadáa. Ìyẹn, mi ò fi kún un.

Kó tó di pé Abọ́sẹ̀dé lọ bá Màmá, Màmá fúnra rẹ̀ yọ sí wa ní àárọ̀ Sátidé, tó wá dágbére. Dọ̀tun wà níbẹ̀. Abọ́sẹ̀dé kúnlẹ̀, ó sì ro gbogbo rẹ̀ fún un, pé orin náà wà, pé dùùrù náà wà, ṣùgbọ́n nǹkan kan ń ró nínú rẹ̀ tí kọ̀ǹpútà kọ̀ láti jọ̀wọ́. Màmá jókòó síwájú tábìlì, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun gbọ́ ọ bó ṣe wà. Wọ́n tan án. Ó fetí sílẹ̀ títí dé ìparí, kò mi orí. Ó wá fi ohùn kékeré tó kù fún un sọ pé, “Ẹ yọ dùùrù kúrò. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ara mi.”

Abọ́sẹ̀dé wo Dọ̀tun. Dọ̀tun na ọwọ́, ó pa dùùrù.

Ohùn náà jáde ní òun nìkan. Mi ò ní fi nǹkan kan kún ibí yìí. Ó kún yàrá, ó sì dà bíi pé obìnrin mìíràn, tó kéré sí i ní ogún ọdún, dúró sáàárín wa. Màmá di ọwọ́ mú lórí itan. Ẹsẹ kìíní fẹ́ parí, ohùn náà dákẹ́ láti mí, a sì gbọ́ ọ.

Kẹ́.

Dọ̀tun tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà. Kò sí dùùrù, kò sí Wine, kò sí afárá. Ohùn Màmá nìkan ló ń lọ. “Kì í ṣe Linux,” ó ní, bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀ ní túbú. “Inú ìgbohùnsílẹ̀ ló wà láti oṣù kẹwàá.”

Abọ́sẹ̀dé kò wo kọ̀ǹpútà. Ó ti gbé orí sókè, ó ń gbọ́ ọ bí ìyá ṣe ń gbọ́ ẹkún ọmọ tirẹ̀ láàárín ọmọ púpọ̀. Ó yí orí padà díẹ̀díẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi dé ọ̀dọ̀ mi. Mo pa ẹnu mi dé. Mo pa á dé yára jù.

Kẹ́.

“Bàbá,” ó ní. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ la ẹnu yín.”

Mo là á.

“Ẹ pa á dé.”

Gbogbo yàrá gbọ́ ọ. Eyín tí mo fi pa òótọ́ mọ́ náà ló tú u síta. Mo wá jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́, fóòmù, súìtì, àti bí mo ṣe jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ fi ọ̀sẹ̀ kan bá ẹ̀rọ jà lórí ohun tó wà lẹ́nu mi. Mo ní kí wọ́n máà bínú. Mo retí kí ilé gbóná.

Màmá ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Kò ní ohùn tí yóò fi rín in, èjìká rẹ̀ nìkan ló ń gbọ̀n, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Dọ̀tun wá bẹ̀rẹ̀ sí í rín tirẹ̀ títí tó fi di ikùn mú. Abọ́sẹ̀dé sì gbé orí lé etí tábìlì, mo rí i tí ẹ̀yìn rẹ̀ rọ̀ wọ̀ọ̀, bí ẹni tó sọ ẹrù igi kalẹ̀. Ó ní òun ti rò pé ọwọ́ òun ni. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Yíyọ ọ́ kò ṣòro rárá nígbà tí wọ́n ti mọ ohun tó jẹ́. Ó wà níbi tí Màmá ti dákẹ́. Ibi díẹ̀ péré ni wọn yóò gé. Abọ́sẹ̀dé gé ìkejì, ó gé ìkẹta, ó gé èyí tó gbẹ̀yìn. Nígbà tó dé ti ẹsẹ kìíní, Màmá di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Fi ìyẹn sílẹ̀,” ó ní. “Ojú ẹ̀gbọ́n mi ti fọ́. Jẹ́ kó mọ̀ pé mi ò dá nìkan wà lọ́jọ́ náà.”

Lóòdù-ṣẹ́dìn yóò mú iná lọ ní aago méjìlá. Wọ́n dá dùùrù padà, ó mí, Màmá kọrin lórí rẹ̀, kò sí ohun tó ta, kò sí ohun tó ró àfi kẹ́ kan ṣoṣo. Kọ̀ǹpútà àgbà náà ru àwọn méjèèjì pọ̀ láìmí gúlegúle. Wọ́n sọ orin náà di odidi kan, Dọ̀tun sì kọ ọ́ sínú fúláàṣì mẹ́ta, ó kọ ọ́ sórí fóònù mẹ́ta, ó tún kọ ọ́ sínú káàdì tí wọ́n fi bọ rédíò kékeré kan tí Màmá ń gbé lọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ kí iná lọ. Bí mo bá ń sọ ọ́ níbòmíràn, ìṣẹ́jú kan ni mo máa ń ní.

Màmá wọ bàálù lọ́jọ́ kejì. Ní ọjọ́ Wẹ́sìdeè, ó pè wá láti Ìbòkun. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun gbé rédíò náà lé itan, ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta, ní ẹ̀ẹ̀kẹta ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbè é lábẹ́, ní apá tirẹ̀ àtijọ́. Nígbà tó parí, ó béèrè ọkùnrin tó ń jẹ súìtì nígbà tí àbúrò òun ń kọrin. Ó ní kí wọ́n sọ fún un pé òun gbọ́ ọ.

Kọ̀ǹpútà Linux náà kò padà sí Auckland Park. Orí rẹ̀ ni Abọ́sẹ̀dé ń ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ báyìí. Ó sì ń ṣe ẹ̀dà méjì kó tó dìde. Wọn ò tíì gbé e lọ fún ìbùkún, èmi náà ò sì mẹ́nu bà á. Gàrí ti kúrò ní ìsàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù, ó wà lókè níbi tí ọwọ́ mi ò tó.

Ní ti eyín, Abọ́sẹ̀dé gbà á lẹ́nu mi ní Mọ́ńdè, ó gbé e lọ sí Braamfontein, ó tún òkè rẹ̀ ṣe kó má mì mọ́, ó sì dá a padà ní ìrọ̀lẹ́. Láti ọjọ́ náà, kò ró mọ́. Síbẹ̀ nígbà tí mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n máa jókòó sínú yàrá bí wọ́n bá ń gba orin sílẹ̀, ó ní mo lè wá, mo kàn gbọ́dọ̀ fi eyín sílẹ̀ nínú ife lórí tábìlì ilé ìdáná. Bẹ́ẹ̀ ni mo ń ṣe ní gbogbo Sátidé. Mo ń jókòó sórí àga mi lẹ́yìn fóòmù, ẹnu mi á ṣófo, etí mi á kún.